Ẹ gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín wò kẹ́ ẹ tó fowó ra oògùn

Ẹ̀gbọ́n wa ní Kétu, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ ní ewé ìsàlẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ yín ń pọ́n, ẹ fi ajílẹ̀ sí i, ẹ bomi rin ín, kò gbọ́, ṣé kẹ́ ẹ fi kún ajílẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kún un. Ohun témi náà ṣe nìyẹn lóko mi lápá Àjárá, l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, mo rò pé ilẹ̀ ló ti ṣá, gbogbo owó tí mo rí nídìí ata ni mo dà síbẹ̀, ọkùnrin kan tún ta oògùn inú bídọ́ọ̀nù fún mi pé kí n máa dà á sídìí ẹ̀, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, ìdí mẹ́ta tó ń pọ́n tẹ́lẹ̀ ti di mọ́kànlá.

Màmá àgbà kan tóko wọn bá tèmi pààlà ló gba àdá lọ́wọ́ mi, wọ́n gé ìdí kan lulẹ̀, wọ́n ní "wo inú ẹ̀". Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tára ẹ̀ dá, funfun ninú ẹ̀ ń rí. Tèmi, àmì pupa rúsúrúsú bí irin tó dípẹtà ló yí ká nínú ẹ̀, nígbà tí wọ́n wá la isu ìdí ẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀, àbàwọ́n pupa ló kún ibẹ̀. Inú iṣan tó ń fa omi lárùn yẹn ń gbé, ó dí i pa, omi ò lè gòkè mọ́, ìyẹn lewé ṣe ń rọ bí ẹni tóùngbẹ ń gbẹ nígbà tílẹ̀ tutù rinrin.

Fusarium ni wọ́n ń pè é, àwọn míì á ní àrùn Panama. Látinú ilẹ̀ ló ti ń gba gbòǹgbò wọlé. Ewé àgbà ló máa kọ́kọ́ pọ́n, láti etí wá sáàárín, lẹ́yìn ẹ̀ igi ewé á ṣẹ́ níbi tó ti so mọ́ ìtì, gbogbo ẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀ yí ìdí ká bí aṣọ Zangbeto. Nígbà míì ìtì á là lóòró nísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀dá ni, ewé lè pọ́n o, àmọ́ inú ìtì á ṣì funfun. Tó bá jẹ́ kòkòrò tó ń gbẹ́ isu ìdí ẹ̀, ihò lẹ máa bá níbẹ̀, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á sì wó o. Tó bá jẹ́ ewé tuntun ló ń kúrú, tó nàró tó ṣù jọ sókè, fáírọ́ọ̀sì nìyẹn, ó wà lápá Ouémé wa níbí. Àrùn tó bẹ́ sílẹ̀ ní Uganda lọ́dún 2001 tún yàtọ̀, bakitéríà ni, èso á pọ́n láìtọ́jọ́, inú ẹ̀ á ti bàjẹ́, tẹ́ ẹ bá gé ìtì, kò ní pẹ́ tí nǹkan bí ọyún á máa yọ níbẹ̀. Fusarium kì í yọ ọyún, kì í sì í ba inú èso jẹ́.

Oògùn ńkọ́? Kò sí, mi ò ní parọ́ fún yín. Àrùn yìí lè wà nínú ilẹ̀ tó ọdún 30. Òun ló lé irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń jẹ́ Gros Michel kúrò lóko àwọn olówó ní Amẹ́ríkà Àárín tí wọ́n fi wá ń gbin irú míì, Cavendish, àmọ́ irú àrùn yìí kan tó ń mú Cavendish náà, TR4, sì ti dé Mozambique lọ́dún 2013. Àwọn yẹn sá fún un, èmi wá ń fi bídọ́ọ̀nù kan bá a jà!

Ńṣe ni mo hú gbogbo ìdí mọ́kànlá, mo sun ún síbẹ̀, mi ò wọ́ ọ kọjá láàárín oko, mi ò jù ú sójú àgbàrá, mo fọgi yí ibẹ̀ ká. Tí mo bá ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni mo máa ń dé kẹ́yìn, màá fọ erùpẹ̀ kúrò lára ọkọ́ àti bàtà kí n tó fi omi Javel tó ń pa kòkòrò àrùn sí i, torí Javel ò lè ṣiṣẹ́ lórí ẹrẹ̀. Wọ́n ní ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò tó ohun à ń pọ́n àdá sí, ó tó ohun à ń fọ àdá fún o.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ọ̀fẹ́ ni mo gba ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, lọ́wọ́ àna mi, ó tutù yọ̀yọ̀, ta ló máa fura? Ọmọ lè ti gbé e látara ìyá ẹ̀ kó má tíì hàn. Omi gbígbóná tí wọ́n ń rì í sí máa ń pa kòkòrò, kì í pa èyí. PIF náà, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń mú kí isu ìdí kan hu ọmọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ìyá bá ti lárùn, ọmọ ti jogún ẹ̀. Ní báyìí mo máa ń bẹ olóko pé kó mú mi débi ìyá ẹ̀ ná, àwọn kan máa ń bínú, kò kàn mí.

Àgbàdo àti pákí ló wà lójú ibẹ̀ báyìí. Apá kejì, àgbagbà ni mo gbìn, irú àrùn tó ń pa ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ mú un, ọdún kẹta rèé, ó ṣì ń so.

Ẹ gé èyí tó burú jù lọ́la, ẹ ya fọ́tò inú ẹ̀ nígbà tóòrùn bá là dáadáa, kẹ́ ẹ fi hàn wá. Ẹ má sì tíì fún ẹnikẹ́ni lọ́mọ nínú oko yẹn.