Ọdún 10 lábẹ́ probation: ṣé ó lè parí kí ó tó pé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Texas ni mo ń gbé. Ilé ẹjọ́ dá mi lẹ́bi ẹ̀sùn olè jíjà, ṣùgbọ́n dípò ẹ̀wọ̀n, probation ọdún 10 ni wọ́n fún mi, ìyẹn ni pé kí n máa gbé níta lábẹ́ ìṣọ́ òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́. Mo ti lo ọdún 4 láìrú òfin kankan, mo sì ti san gbogbo owó tí wọ́n ní kí n san. Ṣé ọ̀ranyàn ni kí n lo èyí tó kù?

Ìdáhùn: Kì í ṣe ọ̀ranyàn. Òfin Texas gba adájọ́ láyè láti dín àkókò náà kù tàbí láti fòpin sí i bí ènìyàn bá ti lo ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ tàbí ọdún 2, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì. Ẹ ti lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀bẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 2 sẹ́yìn. Bí ẹ bá sì lo ọdún 5, dandan ni kí adájọ́ fúnra rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ yín yẹ̀ wò. Àyẹ̀wò ni ó jẹ́ dandan o, ìtúsílẹ̀ kọ́. Àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kan, bíi wíwa ọkọ̀ pẹ̀lú ọtí lójú, kò sí lábẹ́ àǹfààní yìí rárá.

Ẹ kọ́kọ́ lọ bá òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó yín, nítorí pé bí òun kò bá lòdì sí i, ó máa ń ṣòro díẹ̀ fún agbẹjọ́rò ìjọba láti ta kò ó. Ní tèmi, rìsíìtì owó tí ẹ san, lẹ́tà láti ibi iṣẹ́, àti àlàyé ohun pàtó tí probation náà ń dí yín lọ́wọ́ wúlò nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ ju ẹkún lọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí: kí agbẹjọ́rò yín bẹ adájọ́, nínú ìwé kan náà, pé kí ó fagi lé ìdálẹ́bi náà, nítorí pé ìtúsílẹ̀ nìkan kì í pa á rẹ́. Síbẹ̀, bí ẹ kì í bá ṣe ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, òfin ìwọlé-wọ̀dè ìjọba àpapọ̀ lè ṣì ka ìdálẹ́bi náà sí yín lọ́rùn. Wọn kò sì lè fọwọ́ sí ìbéèrè fún ìwé ọmọ ìlú nígbà tí ènìyàn ṣì wà lábẹ́ probation. Ẹ wá agbẹjọ́rò tó mọ ọ̀ràn ìwọlé-wọ̀dè dunjú kí ẹ tó fi ìwé sílẹ̀.

Títí adájọ́ yóò fi buwọ́ lù ú, ẹ má ṣe pa ọjọ́ ìfarahàn kankan níwájú òṣìṣẹ́ yín jẹ.