Ẹran Iléyá tí aládùúgbò gbé wá: kí ló túmọ̀ sí, kí ló sì yẹ kí n ṣe?

Ìbéèrè: Kristẹni ni mí, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí. Nígbà ọdún Iléyá, ilé mẹ́ta gbé ẹran wá fún mi, bẹ́ẹ̀ n kò tíì mọ̀ wọ́n dáadáa. Ilé kan gbé tútù wá, èkejì gbé díndín. Ẹ̀kẹta kò dé títí di ọjọ́ kẹta ọdún, egungun àti ìfun díẹ̀ ló sì wà nínú rẹ̀. Ṣé sàárà ni? Ṣé mo lè jẹ ẹ́? Kí ni mo máa fi san án padà?

Ìdáhùn: Ìpín yín ni wọ́n gbé wá. Kí wọ́n tó da àgbò Iléyá dùbúlẹ̀ ni ìpín aládùúgbò ti wà nínú rẹ̀, yálà aládùúgbò náà lówó tàbí kò ní, yálà ó ń kírun tàbí ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má ṣe rò pé ẹnikẹ́ni ń wò yín bí aláìní. Ẹni tí wọ́n fò dá nínú gbogbo àdúgbò ló yẹ kó máa ronú.

Kùránì, orí 22, ẹsẹ 28 àti 36, ní kí ẹni tó pa ẹran náà jẹ nínú rẹ̀, kó sì fi bọ́ aláìní, àti ẹni tó tọrọ àti ẹni tí kò tọrọ. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlùfáà ti ń gbani níyànjú pé kí a pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá kan fún ilé, ìdá kan fún ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, ìdá kan fún àwọn aláìní. Ìmọ̀ràn ni o, ilé tí ẹnu pọ̀ sí lè fi èyí tó pọ̀ sílẹ̀ fún ara wọn. Ohun tí kò láyè ni kí wọ́n tà nínú ẹran náà, tàbí kí wọ́n fi awọ tàbí orí rẹ̀ san owó iṣẹ́ ẹni tó bá wọn dúńbú. Owó ọwọ́ ni wọ́n ń san fún un. Bí wọ́n bá tún fẹ́ bù fún un lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó tán, ẹ̀bùn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò fiyè sí ìyàtọ̀ yìí, ó sì ṣe pàtàkì.

Ti ẹran tó pẹ́ kó tó dé, kì í ṣe àjẹkù. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Dhul-Hijja, oṣù tó kẹ́yìn nínú ọdún Mùsùlùmí, ni ọdún gan-an, ṣùgbọ́n ìlànà Màlíkì, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà òfin ẹ̀sìn Islam, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé, fi àyè sílẹ̀ fún pípa ẹran lọ́jọ́ kọkànlá àti ìkejìlá pẹ̀lú. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tètè pé, tàbí tí alápatà kò ráàyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, lè pa tirẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, kó sì pín in lójú ẹsẹ̀.

Ní ti egungun, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àgbò tó wọn nǹkan bíi kílò 40 láàyè kì í sábà fúnni ní ẹran tó ju kílò 18 sí 20 lọ, nígbà tí ẹ bá ti yọ ẹ̀jẹ̀, orí, ẹsẹ̀ àti nǹkan inú rẹ̀ sọ́tọ̀. Ká ní 18 ni, ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ kílò 6. Bí wọ́n bá di ìdajì kílò fún ilé kọ̀ọ̀kan, ilé 12 péré ni ìdá náà dé. Nínú 12 yìí ni ilé àna wà, bàbá àti ìyá wà, àbúrò tó wà nígboro wà. Ilé tó sì ní ilé 20 láti fún yóò kó ìfun, ṣàkì àti egungun mọ́ ọn kó lè kárí. Ó tún ṣeé ṣe kí ilé náà má pa nǹkan kan rárá lọ́dún yìí, kó jẹ́ pé nínú èyí tí wọ́n gbé fún wọn ni wọ́n ti bù fún yín. Ẹ mọ iyì irú ẹran bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó fún yín ti yọ ọ́ nínú ọbẹ̀ tirẹ̀. Hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì Muhammad, tó wà nínú àkójọ Bukhari àti ti Muslim sọ pé kí obìnrin má ṣe fojú kéré ohun tó máa fún aládùúgbò rẹ̀, ìbáà jẹ́ pátákò àgùntàn.

Ẹ lè jẹ ẹ́ tí ọkàn yín bá gbà á. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, ìtàn kan wà nínú àkójọ Abu Dawud àti ti Tirmidhi pé wọ́n pa àgùntàn nílé Abdullah ọmọ Amr, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, ohun tó sì ń tẹnu mọ́ ni pé, ṣé wọ́n ti gbé tirẹ̀ fún aládùúgbò wọn tó jẹ́ Júù? Ní ọ̀dọ̀ Kristẹni, àwọn kan ń yẹra nítorí ọ̀rọ̀ oúnjẹ òrìṣà tó wà nínú Kọ́ríńtì Kìíní. Ọ̀pọ̀ ìjọ kò ka ẹran Iléyá mọ́ ọn, nítorí orúkọ Ọlọ́run ni wọ́n pè sí i. Tí ẹ kò bá ní jẹ ẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá ọmọ tó gbé e wá padà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ yẹn kò mọ̀dí ọ̀rọ̀, ohun tó máa sọ nílé ni pé, “Wọ́n ní àwọn ò gbà.” Àgbàlagbà ilé náà ni kí ẹ bá sọ ọ́, ní pẹ̀lẹ́, nígbà tí ọdún kò tíì dé.

Ẹran tútù ń fẹ́ kánkán. Nínú ooru ilẹ̀ wa, kò yẹ kó wà níta ju wákàtí kan sí méjì lọ, ẹ kò sì mọ ìgbà tó ti wà nínú ọ̀rá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e kaná pẹ̀lú iyọ̀, àlùbọ́sà, ata àti atalẹ̀. Omi díẹ̀ ti tó, nítorí ẹran àgbò máa ń tú omi àti ọ̀rá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Tó bá ti rọ̀, ẹ jẹ́ kí omi inú ìkòkò gbẹ, kí ẹran náà tutù díẹ̀, kí ẹ tó dín in. Omi tó ṣẹ́kù lára ẹran ló ń mú kí òróró máa ta síni lára, òun náà ni kì í jẹ́ kí ẹran gbẹ dáadáa. Ẹ má dé e ní gbígbóná: ooru rẹ̀ yóò di omi lábẹ́ ìdérí, omi yẹn ni yóò sì bà á jẹ́. Bí kò bá sí firíìjì, tàbí tí kò sí iná, ẹ máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán kíá.

Ìkíni wọn ni, “Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ kú ìnáwó o. Àṣèyí ṣàmọ́dún.” Bí ó bá jẹ́ ilé àgbàlagbà ni ó ti wá, ẹ fẹsẹ̀ yín rìn lọ kí wọn, ẹ má fi ìpè orí fóònù ṣe é. Lọ́jọ́ kejì ẹ tún sọ pé, “Ẹ ṣé àná o.” Ọjọ́ kejì yìí ni àwọn tó kúrò nílé pẹ́ máa ń gbàgbé, àwọn àgbà sì máa ń fiyè sí i, torí wọ́n ní ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ fọ àwo wọn, kí ẹ dá a padà lọ́jọ́ yẹn gan-an, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì fẹ́ fi gbé ti ilé mìíràn.

Ẹ má fi owó sínú àwo náà, ẹ má sì sáré dáná lọ́jọ́ kan náà láti san án bí ẹni san gbèsè. Ọdún tiyín ni yóò fún yín láyè. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ni Iléyá bọ́ sí, nítorí náà oṣù mẹ́fà àti díẹ̀ ló wà láàárín rẹ̀ àti Kérésì. Nǹkan bí ọjọ́ 11 ni Iléyá ń fi tètè dé sí i lọ́dọọdún, torí oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n ń kà.

Ìrẹsì àti adìyẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé jáde nígbà Kérésì, adìyẹ yẹn sì ni ẹ máa ṣọ́ra fún. Kùránì, orí 5, ẹsẹ 5, gbà kí Mùsùlùmí jẹ oúnjẹ àwọn tí a fún ní Ìwé, ìyẹn Júù àti Kristẹni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n fi ọ̀bẹ dúńbú ẹran náà. Ọkàn wọn kì í balẹ̀ sí adìyẹ inú firísà tí ẹnikẹ́ni kò mọ bí wọ́n ṣe pa á. Ohun tó rọrùn jù ni kí ẹ ra adìyẹ láàyè, kí ẹ sì bẹ ọmọkùnrin ilé wọn kan kó wá bá yín pa á. Yóò dùn mọ́ wọn nínú gan-an, wọn yóò sì jẹ ẹ́ láìbéèrè. Ẹ má fi ohun ẹlẹ́dẹ̀ kankan sí oúnjẹ tí ẹ máa gbé fún wọn, títí kan sọ́sééjì inú sàláàdì. Ẹ rántí kéèkì náà: àwọn tó ń ṣe kéèkì Kérésì máa ń rẹ èso gbígbẹ rẹ̀ sínú bíràndì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà ẹ ti gbọ́dọ̀ ya èso tiwọn sọ́tọ̀ kí ẹ tó da ọtí sí ìyókù. Omi ọsàn dára fún rírẹ ẹ, ṣùgbọ́n inú firíìjì ni kó wà, kó má sì ju ọjọ́ kan lọ kí ẹ tó po kéèkì náà, torí ó máa ń kan.