Èsì: Ọ̀rá ló wà nínú ìrù àgùntàn Lárúbáwá
Àǹtí mi tó ń bèèrè bóyá kókó ló yọ nídìí àgùntàn Lárúbáwá tó rí nínú fídíò kan, rárá o, ọ̀rá ni. Awassi ni wọ́n ń pe irú àgùntàn yẹn, wọ́n pọ̀ ní Síríà àti Ìráàkì, tí wọ́n bá ti rí koríko jẹ yó ọ̀rá á kóra jọ sínú ìrù, tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá wá dé ara á máa lò ó díẹ̀díẹ̀. Àgbò tí à ń rà ní Oko Ọba l'Ágége ò ní in, ìrù tiwọn tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ọmọńlé ara ògiri wa gan-an ń tọ́jú ọ̀rá sínú ìrù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fáwọn ọmọ kí wọ́n yéé já a nírù, oúnjẹ ẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ.