Èsì: Ibi tí ẹ lè kó àwọn ọmọ lọ ní Charleston

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o, mà. Ẹ béèrè ibi tí ẹ lè kó àwọn ọmọ lọ ní Charleston, ìlú kan ní South Carolina, l'Amẹ́ríkà. Bó bá jẹ́ ọjọ́ méjì péré lẹ fẹ́ lò níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, Boone Hall, oko ńlá àtijọ́ táwọn ẹrú ti ṣiṣẹ́, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Igi óákù tí wọ́n gbìn lọ́dún 1743 tò lọ́tùn-ún lósì ọ̀nà àbáwọlé, ṣùgbọ́n ẹ má kánjú kọjá ilé bíríkì mẹ́sàn-án táwọn ẹrú gbé. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ rí bó ṣe há tó. Èmi fọwọ́ kan ògiri ibẹ̀, omijé bọ́ lójú mi. Lọ́jọ́ kejì, ẹ lọ sí Middleton Place, oko ńlá àtijọ́ mìíràn: ọgbà òdòdó àtàwọn àgùntàn tó ń jẹko ló wà níbẹ̀. Bí ààyè bá ṣì wà, ẹ yà sí Ọ̀yọ́túnjí ní Sheldon, ní South Carolina kan náà, abúlé Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1970.