Omi tí wọ́n fi rin pápá ni kí a wò kí a tó fi owó lé ẹṣin

Àbúrò tí ó béèrè ìdí tí ẹṣin tí ó gba ipò kìn-ín-ní ní oṣù tó kọjá lórí ilẹ̀ tí wọ́n pè ní Good to Firm (ilẹ̀ tí ó dára, tí ó sì le díẹ̀) fi ṣe ìkẹyìn lórí ilẹ̀ tí wọ́n tún pè ní orúkọ kan náà, má tíì di ẹ̀bi ru ẹṣin tàbí ẹni tí ó gùn ún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta tẹ́tẹ́ ẹṣin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Mọ́kọ́lá níbí, kò sì sí ohun tí ó gba owó lọ́wọ́ mi tó omi tí wọ́n ń fi rin pápá lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹ́ṣin ti fi orúkọ sílẹ̀.

Ní eré orí pẹrẹsẹ, tí ẹṣin kì í fo ìdènà, wákàtí 48 ṣáájú ni wọ́n ti ń fi orúkọ ẹṣin sílẹ̀. Àwọn aláṣẹ fẹ́ kí alákòóso pápá gbìyànjú kí ilẹ̀ jẹ́ Good to Firm fún irú eré bẹ́ẹ̀, kí ó sì jẹ́ Good (tí kò le tó ti àkọ́kọ́) fún eré tí ẹṣin ti ń fo ìdènà, nítorí pé ilẹ̀ tí ó bá le jù a máa ba ẹsẹ̀ ẹṣin jẹ́, àwọn olùkọ́ ẹṣin a sì máa yọ ẹṣin wọn kúrò títí eré yóò fi ṣẹ́ ku ẹṣin mẹ́ta. N kò bá wọn jà lórí èyí. Kò yẹ kí ẹranko kán lẹ́sẹ̀ nítorí tẹ́tẹ́ wa. Ní 2024 pàápàá, wọ́n fa àkókò Grand National, eré ńlá tí ẹṣin ti ń fo ìdènà, ní pápá Aintree wá sí agogo 4 ìrọ̀lẹ́, ara ìdí rẹ̀ sì ni kí ilẹ̀ lè dára fún un.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí oòrùn àti òjò fúnra wọn sọ di Good to Firm kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí ó ti le koko tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó da omi lé e. Mìlímítà 1 omi lórí hẹ́kítà kan jẹ́ 10,000 lítà, ìyẹn ẹ̀kún táńkà omi kan irú èyí tí ń wọ Bódìjà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí o bá kà á pé wọ́n fi mìlímítà 5 rin pápá, táńkà márùn-ún ni hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan mu, bí òjò tí ẹnikẹ́ni kò retí bá sì tún rọ̀ lé e ní òru, ẹṣin tí ó fẹ́ràn ilẹ̀ líle ti wọ gàù.

Omi náà kì í sì í dọ́gba. Afẹ́fẹ́ a máa gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, ní ilé tẹ́tẹ́ tí mo máa ń jókòó sí, mo rí i nínú tẹlifíṣọ̀n pé koríko ẹ̀gbẹ́ kan pápá dúdú ju ti àárín lọ. Gbogbo agẹṣin ló sá fún ẹ̀gbẹ́ yẹn àfi ẹnì kan, ẹṣin tirẹ̀ sì ni gbogbo ilé tẹ́tẹ́ fi owó lé. Ògúlùtu ilẹ̀ ń fò sókè lẹ́yìn pátákò rẹ̀, nígbà tí kò sí ohun tí ó ń fò lẹ́yìn àwọn yòókù. Bàbá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fa tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya, ó ní agẹṣin ti ta eré. Agẹṣin kò ta nǹkan kan.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí. Ní ìgbà ooru wọn, agogo wọn àti tiwa bára mu, nítorí náà mo máa ń ka ìròyìn pápá ní àárọ̀: iye mìlímítà, ìgbà tí wọ́n wọ́n ọn, òjò tí ó tẹ̀ lé e, àti nọ́ńbà GoingStick, ọ̀pá tí wọ́n ń kì bọ ilẹ̀ tí wọ́n sì ń fà láti mọ bí ilẹ̀ ṣe dì í mú tó. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni ilẹ̀ ṣe le tó, ṣùgbọ́n pápá kan náà ni kí o fi wé ara rẹ̀, má ṣe fi wé pápá mìíràn. Èyí tí mo gbà gbọ́ jù ni orúkọ àwọn ẹṣin tí wọ́n yọ kúrò ní àárọ̀ náà nítorí ilẹ̀. Olùkọ́ ẹṣin tí ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ koríko mọ ohun tí ìwé kò sọ. Lẹ́yìn náà ni n ó dúró de eré méjì àkọ́kọ́, n ó sì wo bóyá àkókò wọn pẹ́ ju bí ó ti máa ń rí ní pápá yẹn lọ. Odds, ìyẹn iye tí ilé tẹ́tẹ́ ń san lórí owó tí a fi lé ẹṣin, a ti dín kù díẹ̀ nígbà náà, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ní Ọsirélíà ó rọrùn díẹ̀, torí pé nọ́ńbà 1 sí 10 ni wọ́n fi ń sọ ipò ilẹ̀, tí 10 jẹ́ èyí tí ó rọ̀ jù. Ní ti ẹṣin orí kọ̀ǹpútà tí o tún béèrè, èyí tí ẹ̀rọ kàn ń yàwòrán rẹ̀, kò sí ilẹ̀ níbẹ̀ rárá, má wá omi sí i.

Ohun kan ṣẹ́ kù fún ẹni tí ń fi owó lé ẹṣin láti alẹ́. Bí wọ́n bá yọ ẹṣin kan kúrò nítorí ilẹ̀ lẹ́yìn tí o ti gba odds rẹ, òfin tí wọ́n ń pè ní Rule 4 yóò gé lára èrè rẹ, láti pẹ́ńsì 5 títí dé 90 lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí odds ẹṣin tí ó lọ náà bá ṣe kéré tó. Nítorí ìdí èyí, bí mo bá ti kà á pé wọ́n ṣì ń wọ́n omi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú eré, owó mi kì í kúrò lápò títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.