Bíréèkì Ẹsẹ̀ Kan Ń Há: Kí Ẹ Tó Tún Ra Páàdì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Corolla 1996 ni mo ń wà, Apẹtẹ ni mo sì ń gbé. Bí mo bá kúrò nílé láàárọ̀, ọkọ̀ á máa lọ geere. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sángo, tí mo ń tẹ bíréèkì lemọ́lemọ́, ọkọ̀ á wúwo, á máa fà sí ọ̀tún, ẹsẹ̀ iwájú lápá ọ̀tún á gbóná, á sì máa rùn. Bí mo bá gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan, á tún dẹ̀. Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ páàdì lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ní kálípà, irin tó gbá páàdì mú, ló kù. Ṣé ohun kan wà tí mo lè yẹ̀ wò fúnra mi nílé kí n tó tún náwó?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó o. Páàdì tí wọ́n ń pààrọ̀ yẹn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Páàdì kì í dédé lẹ̀ mọ́ dísìkì, irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí; nǹkan ló ń tì í. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó forí lé ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ Aráròmí ní Agodi Gate ni bóyá ọ́ìlì bíréèkì ló há sẹ́yìn písítìnì (irin inú kálípà tó ń ti páàdì), tí kò rọ́nà padà, tàbí irin ló dípẹtà tí kò lè rìn mọ́. Ìdánwò kan ló ń ya méjèèjì sọ́tọ̀, ẹ sì lè ṣe é níwájú ilé yín.

Bíréèkì dísìkì kò ní sípíríìngì tó ń fà á padà bíi ti dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìn. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì á ti písítìnì, písítìnì á ti páàdì. Rọ́bà róbótó kan wà tó di písítìnì lára. Bí písítìnì ṣe ń jáde ni rọ́bà náà ń lọ́ díẹ̀, bí ẹ bá sì gbẹ́sẹ̀ kúrò, á nà padà, á fa písítìnì sẹ́yìn. Bíńtín ni àlàfo tó ń ṣí sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í gba ohun ńlá kó tó há: ìpẹtà díẹ̀, píìnì kálípà (irin tí kálípà ń yọ̀ lórí rẹ̀) tó gbẹ, tàbí ọ́ìlì tí kò tètè padà.

Ẹ wa ọkọ̀ náà títí á fi há. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á gbé e lọ fún mẹkáníìkì nígbà tó ti tutù, ọkọ̀ á sì dá ara rẹ̀ láre. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ tó tẹ́jú ṣọ̀wọ́n n'Ìbàdàn wa yìí. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ kí ẹ tó fi jáàkì gbé e. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan, ẹ má sì fi búlọ́ọ̀kù símẹ́ǹtì ti ọkọ̀. Búlọ́ọ̀kù a máa fọ́ lójijì. Ẹ wá ẹsẹ̀ irin tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ dúró, kí ẹ sì ti táyà tí ẹ bá bọ́ sábẹ́ rẹ̀ kún un. Ẹ ṣọ́ra fún dísìkì, ó lè jó yín lọ́wọ́.

Ẹ fọwọ́ yí táyà kí ẹ tó bọ́ ọ. Kí ó máa dún fẹ́ẹ́rẹ́ kì í ṣe àìsàn. Bí jíà bá wà ní níútírà (N), tí kò sì ṣeé fọwọ́ kan yí, ó ti há nìyẹn. Ẹ wá bọ́ táyà, kí ẹ wo ẹ̀yìn kálípà: ẹ ó rí nọ́ọ̀tì kékeré tó ní ihò lórí, èyí tí àwa ń pè ní nípù. Súpánà 8 tàbí 10 ló sábà máa ń wọ̀ ọ́. Ẹ lo súpánà olórí róbótó, kì í ṣe píláyà, torí nípù ọkọ̀ àtijọ́ kì í pẹ́ kán. Ẹ ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lórí, kí ẹnu rọ́bà wà nínú ìgò, kí ẹ sì tú u díẹ̀.

Bí ọ́ìlì bá tú jáde fìrì, tí dísìkì sì wá ṣeé fọwọ́ yí, ọ́ìlì ló há. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, kálípà ni kí ẹ dojú kọ.

Ká ní ọ́ìlì ni. Níwọ̀n bó ti jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń há, họ́ọ̀sì rọ́bà tó lọ sí ẹsẹ̀ yẹn ni mo máa kọ́kọ́ fura sí, torí ẹ ní ó ń dẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan. Mi ò búra, kálípà náà lè dẹ̀ bó bá tutù. Họ́ọ̀sì tó ti gbó a máa wú nínú, ìta rẹ̀ á sì máa dán. Agbára ẹsẹ̀ yín á ti ọ́ìlì kọjá, ṣùgbọ́n kò sí agbára tó tó bẹ́ẹ̀ tó máa dá a padà, bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí síta nìkan. Díẹ̀díẹ̀ ni á máa jò padà. Láti rí i dájú, ẹ dé nípù, ẹ tẹ bíréèkì kó tún há, kí ẹ wá tú orí tí họ́ọ̀sì ti so mọ́ páìpù irin. Bó bá ṣì há, họ́ọ̀sì ni. Bó bá dẹ̀, ìṣòro wà lókè, níbi másítà bíréèkì tí pẹ́dàlì ń tì, ìyẹn kì í sì í ṣe iṣẹ́ ilé.

Ẹ ra họ́ọ̀sì tuntun méjì, ọ̀tún àti òsì. Mo fara mọ́ kálípà tòkúnbọ̀ tó bá dára, ṣùgbọ́n mi ò ní fi họ́ọ̀sì tòkúnbọ̀ sí ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Rọ́bà ń gbó, ì báà jẹ́ ìlú òyìnbó ló ti wá.

Bó bá jẹ́ kálípà, ẹ má tíì rà á. Ẹ tú bóòtù ìsàlẹ̀, kí ẹ gbé kálípà sókè. Ó yẹ kí ẹ lè fọwọ́ fa píìnì méjèèjì wọlé jáde. Bó bá gbẹ, ẹ fi sáńpépà tó kúnná àti sípíríìtì nù ún, kí ẹ fi gíríìsì tí wọ́n ṣe fún bíréèkì pa á. Gíríìsì béárìn àti Vaseline máa ń wú rọ́bà, inú oṣù díẹ̀ á tún há. Ẹ wá ṣí nípù, kí ẹ fi kílámpù ti písítìnì sẹ́yìn pẹ̀lú páàdì àtijọ́. Bó bá wọlé geere, píìnì ló ń dá a dúró. Bó bá kọ̀, tí rọ́bà tó ń dá eruku dúró lẹ́nu rẹ̀ sì ti ya, ìpẹtà ti wọ ibẹ̀. Ẹ má fẹnu fẹ́ eruku ibẹ̀ o. Páàdì àtijọ́ mìíràn ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, èyí tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró.

Mo tún fẹ́ kí ẹ wo inú ike ọ́ìlì bíréèkì. DOT 3, ìyẹn irú ọ́ìlì tó ń gbà, ló sábà máa ń wà lórí ìdérí rẹ̀. Àwọn kan máa ń bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ti páwà sítíárìn kún un bó bá dín, gbogbo rọ́bà á wú, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á há pọ̀. Ẹ kán díẹ̀ sínú omi: ọ́ìlì bíréèkì á pò mọ́ omi, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á léfòó. Ọdún méjì-méjì ló yẹ kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, torí ó ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, omi náà ló sì ń fa ìpẹtà inú kálípà.

Bí ẹ bá ti tú họ́ọ̀sì, ẹ gbọ́dọ̀ yọ afẹ́fẹ́ tó wọ inú páìpù. Ẹnì kan á tẹ bíréèkì, á mú un dúró. Ẹ̀yin á ṣí nípù, ẹ ó tì í, kó tó gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ẹ fi igi kékeré sábẹ́ pẹ́dàlì kó má bàa tẹ̀ ẹ́ délẹ̀, torí ìsàlẹ̀ másítà àtijọ́ sábà máa ń ní ìpẹtà tó lè gé rọ́bà inú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọ́ìlì gbẹ nínú ike.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ jẹ́ ká kúkú dí páìpù ẹsẹ̀ yẹn pa, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mọ́kọ́lá, òsì nìkan ló máa dì mú, ọkọ̀ á sì fà sí ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀.

Bí ẹ bá parí, àdúgbò ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wà á, kí ẹ tẹ bíréèkì dáadáa, kí ẹ bọ́ sílẹ̀, kí ẹ na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ríìmù méjèèjì láìfọwọ́ kàn án. Bí ooru wọn bá dọ́gba, ẹ lè gba Sángo lọ.