Èèkàn ewúrẹ́ àti bíléèdì méjì tó kán

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo fẹ́ gé rọ́ọ̀dù ìkọ́lé 12 mílímítà sí èèkàn mẹ́fà tí n ó máa so ewúrẹ́ mọ́. Kò síná ládùúgbò wa, n ò sì ní gíráńdà. Ayùn irin ni mo rà, àmọ́ bíléèdì méjì ti kán mọ́ mi lọ́wọ́, èèkàn àkọ́kọ́ ò sì tíì ju ìdajì lọ. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó. Ayédèrú wà lọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí lẹ fi di rọ́ọ̀dù yẹn mú? Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ lẹ fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ọlọ́jà sílẹ̀ ná. Rọ́ọ̀dù tó bá ń yí, tó ń gbọ̀n, bíléèdì ló ń lọ́ lọ́rùn. Fáìsì, irin tí wọ́n fi ń há nǹkan mú pinpin lórí bẹ́ǹṣì, ló dára jù. Bí kò bá sí, ẹ fi rọ́ọ̀dù sáàárín pákó méjì, kí ẹ fi kíláǹpù káfíńtà dè é mọ́ bẹ́ǹṣì pinpin. Ojú ibi tí ẹ máa gé kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí íǹṣì kan lọ sí ibi tí ẹ dè é.

Ẹ wo ara bíléèdì: 18, 24 tàbí 32 ni ẹ ó rí níbẹ̀. Iye eyín tó wà nínú íǹṣì kan nìyẹn. 24 ni mo fẹ́ fún iṣẹ́ yín; páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ni 32, nítorí ó kéré tán, eyín mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà lórí irin lẹ́ẹ̀kan náà. Kí eyín kọjú síwájú, kó kẹ̀yìn sí ọwọ́ tí ẹ fi dì í mú. Ẹ fà á le títí tí yóò fi dún bí ẹ bá fi ìka ta á.

Ẹ fi fáìlì, irin tí wọ́n fi ń ha irin, ha ojú ibi tí ẹ máa gé díẹ̀ kí bíléèdì má baà yọ̀. Bí ẹ bá ń tì í lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó fúyẹ́. Ẹ lo gbogbo gígùn rẹ̀, bí ìgbà 40 sí 50 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìkánjú á mú un gbóná, eyín á sì kú. Ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i.

Ohun kan tún wà nínú rọ́ọ̀dù ìkọ́lé. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, omi ni wọ́n fi ń pa á nígbà tó ṣì ń pọ́n yòò, ìyẹn ni awọ rẹ̀ fi le ju inú lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó rò pé kò gé rárá. Ẹ má bínú tẹ̀ ẹ́. Bí awọ yẹn bá ti já, inú á rọ̀ fún yín.

Ní ti èyí tó ti dé ìdajì, ẹ má ti bíléèdì tuntun bọ ojú ibi tí ògbólógbòó ti gé. Eyín tuntun fẹ̀ ju èyí tó ti jẹ lọ, á há síbẹ̀, ẹ ó sì ra ẹ̀kẹrin. Ẹ yí rọ́ọ̀dù padà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì. Nígbà tí méjèèjì bá fẹ́ẹ̀ pàdé, ẹ tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, á dá fúnra rẹ̀.

Ẹ fi fáìlì ra ẹnu rẹ̀ o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ okùn ewúrẹ́ ni yóò máa já.